Mo kọ pé „der Bewohner fiel“, wọ́n ní níṣojú mi ni

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dortmund
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ilé àwọn arúgbó ní Germany níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lóru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù, mo wọ yàrá bàbá kan, mo bá wọn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, bàtà ẹsẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀ wọn, ìkejì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Mo pe ẹnìkejì mi, a pe dókítà. Ìgbà tí mo jókòó kọ Sturzprotokoll (ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣubú), ohun tí mo kọ ni: „Ich kam ins Zimmer. Der Bewohner fiel neben das Bett. Ich rief Hilfe.“ (“Mo wọ yàrá. Bàbá náà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo pe ìrànlọ́wọ́.”) Lónìí ni ọ̀gá wa pè mí. Ọmọ bàbá náà obìnrin ti ka ìwé yẹn, ó ní mo dúró tí mo ń wo bàbá òun títí wọ́n fi ṣubú. Ìpàdé di ọ̀la, aago mẹ́sàn-án. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí wọ́n á fi mọ̀ pé wọ́n ti ṣubú kí n tó wọlé? Ṣé mo sì lè tún èyí tó wà nílẹ̀ kọ? Bí wọ́n bá gbé ìwé síwájú mi ńkọ́, ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ìyá Ìbejì, Hamburg
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Kọ́kọ́ mumi ná. Ohun tó yẹ kí o kọ nìyí: „Als ich ins Zimmer kam, war der Bewohner bereits gestürzt.“ Plusquamperfekt ni, ọ̀nà tí German fi ń sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí òmíràn tó ṣẹlẹ̀. Wo bí o ṣe bi wá léèrè: “wọ́n ti ṣubú kí n tó wọlé.” “Ti” àti “kí n tó” yẹn gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ náà nínú èdè wa. Ẹnu rẹ mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ ló gbàgbé. Kam àti fiel tí o kọ, ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n tẹ̀lé ara wọn ni: o wọlé, bàbá ṣubú. Bí obìnrin yẹn ṣe kà á nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe sọ ọ́.

Bọ̀ọ̀dá Essen
Kọ „er hatte schon gefallen“, kó o lọ sùn.

Ìyá Ìbejì, Hamburg
Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ti ọmọ ọlọ́mọ sí kòtò. Fallen (ṣubú), war ló ń bá a rìn: „er war gefallen“. Gefallen tó ń mú hatte ni ti ohun tó wu èèyàn, „das Kleid hatte mir gefallen“. Bí ó bá gbé tiyín lọ síbẹ̀ lọ́la, ohun tó sọ ni pé bàbá náà ti wu èèyàn!

Leipzig
Kí n tò ó fún un. Nínú gbólóhùn tó dá dúró, hatte tàbí war ló ń ṣáájú, Partizip (ọ̀rọ̀ ìṣe bíi gestürzt) ń dúró lẹ́yìn pátápátá. Ohun tó bá gbé èèyàn kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, tàbí tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, war ni: gegangen (lọ), gekommen (wá), geflogen (fò), aufgestanden (dìde), eingeschlafen (sùn lọ), gestorben (kú). Fi sein (jẹ́), werden (di) àti bleiben (dúró síbẹ̀) kún un. Bleiben kò lọ síbì kankan, síbẹ̀ war ló ń mú. Ìyókù, hatte ló ń gba ọ̀pọ̀ jù lọ. Ṣọ́ra fún fahren (wọkọ̀ lọ tàbí wa ọkọ̀): „ich war nach Köln gefahren“, ṣùgbọ́n tí o bá wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ, tí o sì dárúkọ ọkọ̀, „ich hatte den Wagen gefahren“.

Má sì rò pé gbogbo “ti” ni Plusquamperfekt o. Bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ nísinsìnyí, tí o ní “mo ti jẹun”, „ich habe schon gegessen“ ni. Ó dìgbà tí nǹkan méjì bá ti kọjá, tí ọ̀kan dàgbà ju èkejì lọ. Àgbà yẹn ni wọ́n ń fi hatte tàbí war kí.

Bọ̀ọ̀dá Stuttgart
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí owó bá a lọ. Ọdún 2019 ni mo kó kúrò nílé kan. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, mo ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí lẹ́tà onílé. Ó kọ̀wé pé òun kò rí i. Mo fèsì: „Ich hätte die Schlüssel am 30. September in den Briefkasten geworfen.“ Àmì tóótòòtó méjì lórí a, ó sọ ọ̀rọ̀ mi di “ǹ bá ti ju kọ́kọ́rọ́ náà”. Onílé fa ìlà pupa sábẹ́ hätte, ó dá ìwé náà padà sí mi, ó yọ owó ilé oṣù kan, 640 euro, nínú Kaution mi, owó ìdánilójú tí mo fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Hatte ni mo fẹ́ kọ. Hatte, láìsí àmì!

Àǹtí Köln
Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, àmì kọ́ ló jẹ owó yín. Ta ló ń ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí láìsí ẹlẹ́rìí? Übergabeprotokoll dà? Ẹ̀yin méjèèjì yóò jọ rìn yí ilé ká, ẹ ó kọ iye kọ́kọ́rọ́, ẹ ó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá kọ hatte lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí ìwé yẹn, ó ṣì lè ní òun kò rí i.

Bọ̀ọ̀dá Stuttgart
Àǹtí, agbẹjọ́rò tí mo lọ bá kò béèrè Protokoll kó tó nawọ́ sí hätte. Ó ní lẹ́tà èmi fúnra mi ti sọ pé mi ò jù ú.

Ìyá Ìbejì, Hamburg
Mo gbè sẹ́yìn Stuttgart. Ẹni tó mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, kò gbọdọ̀ fojú tín-ínrín àmì orí a.

Àǹtí Köln
Mo dúró lórí tèmi. Ẹ gba ìwé ìfọwọ́sí!

Àbúrò Berlin
Ìwọ Dortmund, lo nachdem (lẹ́yìn tí) kún tìrẹ: „Nachdem ich den Arzt gerufen hatte, blieb ich bei dem Bewohner.“ (“Lẹ́yìn tí mo ti pe dókítà, mo dúró ti bàbá náà.”) Hatte lọ sí ìparí apá àkọ́kọ́, ìṣe kejì wà ní Präteritum, ìyẹn ìṣe tó kọjá lásán bíi blieb. Gbólóhùn yẹn á jẹ́ kí wọ́n rí i pé o kò fi bàbá sílẹ̀. Èyí tó ti wà nílẹ̀, má pa á rẹ́, má fi ọ̀dà funfun bò ó. Kọ Nachtrag (àfikún) sábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ àti aago tí o kọ ọ́, orúkọ rẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dortmund
Ẹ ṣé o. Bàbá náà ní àwọn jókòó sétí ibùsùn kí àwọn tó dìde lọ sílé ìwẹ̀. Ṣé „hatte gesessen“ ni?

Ẹ̀gbọ́n München
„War gesessen.“

Ìyá Ìbejì, Hamburg
„Hatte gesessen“! Ẹ jọ̀ọ́, Dortmund ló wà, kò sí ní Bavaria.

Ẹ̀gbọ́n München
Gbogbo gúúsù níbí, títí dé Austria àti Switzerland, war là ń lò fún sitzen (jókòó), stehen (dúró) àti liegen (dùbúlẹ̀). Kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀yin ará àríwá ló rò pé ẹ̀yin lẹ ni èdè.

Ìyá Ìbejì, Hamburg
Ẹ̀yin tí ẹ tún ń sọ „ich habe gegessen gehabt“! Bí owó ilé yín ṣe ń gbéra sókè lẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ jọ.

Ẹ̀gbọ́n München
Oòrùn wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ lọ bá òjò yín jà.

Bọ̀ọ̀dá Essen
Ẹ̀yin méjèèjì, ta ló rí ewédú tútù rà lọ́sẹ̀ yìí? Ewédú inú yìnyín kì í yọ̀ dáadáa, bí mo bá fi ìjábẹ̀ jà á títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìyá Ìbejì, Hamburg
Hamburg ni, ọmọ ìyá. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin wá.

Àbúrò Berlin
Berlin lẹ́ẹ̀lúbọ́ tó dúdú dáadáa. Ẹ dákẹ́.

Leipzig
Ẹ bà mí nínú jẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú ewédú yìí, ilé ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá mi kú ní Ìwó. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni mo tó dé. Ìgbà tí mo padà síbí, olùkọ́ wa ní kí kálukú kọ gbólóhùn Plusquamperfekt kan sára pátákó. Mo kọ „Als ich ankam, hatten sie meinen Vater schon begraben.“ Obìnrin náà kà á, ó gbé ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà mi ò ṣì í kọ mọ́.

Ìyá Ìbejì, Hamburg
Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn, àbúrò. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè.

Ẹ̀gbọ́n München
Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ìyá tèmi náà, orí fóònù ni mo ti gbọ́ orin ìsìnkú wọn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dortmund
Ẹ̀gbọ́n Leipzig, ẹ kú ọ̀fọ̀. Mo ti kọ Nachtrag mi: „Als ich ins Zimmer kam, war der Bewohner bereits gestürzt. Er hatte am Bettrand gesessen und war dann aufgestanden. Nachdem ich den Arzt gerufen hatte, blieb ich bei ihm.“ Mo ti kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ti ìfọwọ́sí yẹn ńkọ́?

Àǹtí Köln
Bí ilé iṣẹ́ yín bá ní Betriebsrat (ìgbìmọ̀ tó ń ṣojú òṣìṣẹ́), ní kí ọ̀kan nínú wọn bá ọ wọlé. Ìwé tí o kò bá tíì kà tán…

Bọ̀ọ̀dá Essen
Berlin, èló ni ẹ̀lúbọ́ yẹn?