Ta lẹ gbé ẹnu ọmọ yín lé lọ́wọ́? Ẹ wá sọ ìrírí yín lọ́dọ̀ dókítà eyín ọmọdé

Ìyá Àkọ́bí:

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹni tó bá ti mú ọmọ kékeré lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ bí tiyín ṣe rí. Ẹ má bù mọ́ ọn, ẹ má yọ kúrò níbẹ̀. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi, torí ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí nínú.

Ọmọ ọdún 4 ni ọmọbìnrin mi nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jẹun. Mo tan iná fóònù sí i lẹ́nu, mo rí ihò dúdú kan lára eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀, kò ju orí pínnì lọ. Dókítà tó ń tọ́jú eyín tèmi ni mo gbé e lọ bá. Ọkùnrin náà mọṣẹ́, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó ti dí ihò mélòó kan fún mi rí tí n kò mọ̀ ọ́n lára. Lójú tèmi, eyín náà ni eyín, ì báà jẹ́ ti àgbà, ì báà jẹ́ ti ọmọdé.

Àga yẹn ga. Wọ́n gbé ọmọ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ dé ìdajì rẹ̀. Iná ràn sí i lójú, ẹnì kan tó fi ìbomú bo ẹnu bo imú wá na irin sí i. Kò kí i, kò bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Ọmọ pa ẹnu dé. Wọ́n ní kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú, nọ́ọ̀sì di orí rẹ̀ mú. Mo dì í mú. Títí dòní, ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé èmi ni mo dì í mú. Kò tó ìṣẹ́jú 10 tí wọ́n fi ṣe é tán. Àmọ́ odindi oṣù 3 ni ọmọ yẹn kò fi jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì wọ òun lẹ́nu. Bí mo bá ti gbé e jáde báyìí, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ẹnu, á máa wò mí bíi pé èmi náà ti di ọ̀kan lára wọn. Ohun tí wọ́n fi dí ihò náà sì jábọ́ kí ọdún tó yípo.

Ẹnì kejì tí a lọ bá, eyín ọmọdé ló dìídì kọ́. Obìnrin ni. Kò pe ọmọ sórí àga rárá. Òun gan-an ló jókòó sórí àpótí kékeré kan, tí ojú òun àti ti ọmọ fi dọ́gba, ó wá ní, "Ṣé mo lè ka èékánná ẹ?" Ó kà á. Ó mú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fọ eyín, èyí tó ní rọ́bà rírọ̀ lórí, ó jẹ́ kó gbọ́ ìró rẹ̀, ó fi í lé èékánná àtàǹpàkò rẹ̀, ó ń yí wírí-wírí níbẹ̀. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló tó sọ pé ó yá, ká wá ka eyín. Ó kà á dé 20. Ọmọ ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ó parí, ó di ọjọ́ mìíràn. Kí n sòótọ́, inú bí mi bá a ṣe ń lọ sílé. Mo ní ṣé nítorí ká lè ka èékánná ni mo ṣe kúrò níbi iṣẹ́?

Ìgbà kẹta tí a lọ ni wọ́n tó fọwọ́ kan eyín náà. Kò sí abẹ́rẹ́, wọn ò lu eyín. Rọ́bà tín-ín-rín méjì ni wọ́n ti kì bọ àárín òun àtàwọn tó múlé tì í ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí àyè lè ṣí sílẹ̀. Wọ́n yọ rọ́bà, wọ́n fi ohun tí wọ́n fi ń lẹ eyín sínú fìlà irin kékeré kan, wọ́n dé e lé e lórí, wọ́n ní kó gé e mọ́lẹ̀ gbọn-in gbọn-in. Hall ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí, orúkọ dókítà eyín obìnrin kan ní Scotland tó máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó kù lábẹ́ irin kò ní rí nǹkan jẹ mọ́, ibi tó bá eyín jẹ dé ló máa dúró sí. Kì í ṣe gbogbo eyín ni wọ́n ń ṣe é fún o. Tó bá ti dé ibi tí eyín ń jí ọmọ lóru, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń sọ pé eyín náà ga ju àwọn tó kù lọ, kó tó wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní báyìí, kò sí àlejò tó máa wọlé wa tí kò ní í la ẹnu sí: "Ẹ wo eyín mi, ó dé fìlà."

Ìyá Àgbà:

Ọmọ mi, má dá ara rẹ lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ní kó o ṣe lo ṣe. Tèmi ló burú, torí èmi ni wọ́n fẹ́ gbọ́ràn sí lẹ́nu tí mo fi ṣi wọ́n lọ́nà.

Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún 5, ohun kan yọ sí ẹran ìdí eyín rẹ̀ bí irorẹ́. Ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín ọmọdé. Mo ní kí ni ẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, ṣebí eyín tó máa ká ni? Mo ní kó máa fi omi iyọ̀ yọ́ ẹnu. Irorẹ́ náà tú, mo ní ẹ ò rí i? Ó tún yọ. Ó tún tú. Kò sí ìrora, ọmọ ń ṣeré, gbogbo wa gbàgbé. Ọjọ́ kan ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti wú débi pé ojú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ilé ìwòsàn ńlá la gbé e dìgbàdìgbà lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà eyín mọ́.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ẹni tó yọ eyín náà fi àwòrán X-ray hàn mí. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi: eyín àgbà ti wà lábẹ́ eyín ọmọdé yẹn, ó sùn sínú egungun bí ọmọ inú oyún, ọyún sì ti dé itòsí rẹ̀. Ó ní irú eyín ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ kì í ká títí ọmọ á fi pé bí ọdún 10 tàbí 11. Ẹ wo iye ọdún tó ṣì yẹ kó fi jẹun. Tí a bá sì fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ lásán, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á fara tì síwájú, á gba àyè, tí eyín àgbà bá wá fẹ́ hù kò ní í ríbi gbà. Ni wọ́n bá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan há ibẹ̀, bí ẹni fi àga gba àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀.

Mo bẹ ìyá rẹ̀. Àgbà ni mí, mo bẹ̀ ẹ́.

Bàbá Ìbejì:

Ìyá, ẹ kú ewu. Ọlọ́run ló yọ ọmọ yẹn.

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ya ẹja àti erin sára ògiri ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, tẹlifíṣọ̀n wà lókè àja, àpótí ohun ìṣeré kún. Inú àwọn ọmọ dùn. Inú tèmi náà dùn, mo ní ibi tó yẹ nìyí. Ọmọ ọdún 3 ni wọ́n. Dókítà yẹ ọ̀kan nínú wọn wò fún bí ìṣẹ́jú méjì, ó ní eyín 8 ló bà jẹ́, pé kí wọ́n kùn ún lóorun kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n fi àwòrán hàn mí. Kò sí àwòrán. Mo ní ṣé mo lè wà níbẹ̀ títí oorun á fi gbé e? Wọ́n ní òbí kì í wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo gbé àwọn ọmọ mi, mo bá tèmi lọ.

Dókítà tó tẹ̀ lé e náà rí eyín 8 yẹn, kó má dà bíi pé ẹni àkọ́kọ́ purọ́. Ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló ní ihò. Àwọn tó kù, ojú wọn kàn funfun bí ẹfun nítòsí ẹran ìdí eyín ni. Ó ní bí eyín ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nìyẹn, pé ó ṣì lè padà. Ó kun fluoride, èròjà tó ń mú eyín le, sí wọn, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹni àkọ́kọ́ kò bi mí: "Ṣé ìgò mílíìkì ló ń bá sùn?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Ó ní òun ti mọ̀, torí eyín iwájú tòkè ló bà jẹ́ tí tìsàlẹ̀ wà bó ṣe wà. Ahọ́n ló ń bo tìsàlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń mu nǹkan.

N kò sọ pé kíkùn lóorun kò dára. Àwọn ọmọ kan wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn fún. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ta ni yóò kùn ún lóorun, ṣé iṣẹ́ onítọ̀hún nìkan nìyẹn tàbí ẹni tó ń tọ́jú eyín náà ló máa ṣe méjèèjì pọ̀, kí ló sì wà nílẹ̀ bí èémí ọmọ bá fẹ́ ṣe ségesège. Ẹ tún bèèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ṣẹ́ ọmọdé. Ẹni tó kọ́ ọ lóòótọ́ ti lo nǹkan bí ọdún 2 tàbí 3 lórí rẹ̀ lẹ́yìn tó ti di dókítà eyín, á sì sọ fún yín láìṣẹ́jú. Mo bi ẹnì kan lórí fóònù, ó ní, "Mo fẹ́ràn ọmọdé gan-an." Èmi náà fẹ́ràn wọn. Ṣé kí n máa yọ eyín ni?

Ìyá Kékeré:

Ẹ má bínú sí mi o. Kò sí dókítà eyín ọmọdé nítòsí wa, ti gbogboògbò ni tiwa, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé e. Nígbà tí ọmọ mi pé ọdún 1, ó ní kí èmi àti òun jókòó kojú síra wa, orúnkún kan orúnkún, kí n na ọmọ sílẹ̀ kí orí rẹ̀ wà ní itan òun, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lára mi. Ojú mi lọmọ ń wò lókè títí tó fi yẹ ẹnu rẹ̀ wò tán. Ó ké díẹ̀, ó tán. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ lẹ́yìn ọdún méjì, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé fún wa pé ká lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Èmi gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó ya erin sára ògiri.

Ìyá Ọmọ Dídákẹ́:

Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀, ariwo kì í bá a lára mu. Ibi méjì ti dá wa padà. Ìkẹta pè mí kí a tó dé, wọ́n bi mí pé ìró wo ni kì í fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ńkọ́, ṣé ó lè fara da kí wọ́n fọwọ́ kan òun lórí? Wọ́n fi fọ́tò yàrá náà ránṣẹ́ kí ó lè máa wò ó nílé. Àwa ni ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Oògùn olómi kan tó ní fàdákà àti fluoride nínú ni wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì bíńtín kùn sí ihò náà, kò pẹ́ rárá. Ó dá ìjẹrà náà dúró, àmọ́ ibi tó kàn di dúdú kirikiri, kò sì ní í ṣí. Wọ́n ti fi àwòrán dúdú yẹn hàn mí kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n ní kí n lọ rò ó. Mo rò ó, mo gbà. Kẹ́ ẹ máa bọ̀ wá wo ẹ̀rín ọmọ mi.

Bàbá Tuntun:

Ẹ ṣé gbogbo yín. Ẹ jọ̀ọ́, tèmi kò tíì pé ọdún 1, eyín 4 ló ní. Ṣé kò tíì yá?

Ìyá Àkọ́bí:

Ẹ gbé e lọ, ó ti yá. Kí ó tó pé ọdún 1 ni wọ́n fẹ́ ká wá, tàbí kó má ju oṣù 6 lọ lẹ́yìn tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ. Wọn ò ní í ṣe nǹkan kan fún un lọ títí. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n máa kọ́. Ọṣẹ ìfọyín tí ẹ máa fi sí búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju hóró ìrẹsì kan lọ. Èmi kò mọ ìyẹn, mo ti ń fún un kún búrọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Àgbà, ẹ ṣeun mà, mo gbọ́. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 6 báyìí, eyín àgbà ẹ̀yìn sì ti yọ lẹ́yìn gbogbo wọn láìjẹ́ pé ìkankan ká. Ká ní kì í ṣe pé dókítà ti kìlọ̀ fún mi, n bá rò pé eyín ọmọdé náà ni. Àbúrò rẹ̀ ni mo gbé lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọdún 2. Ó di mọ́ mi lọ́rùn, ó ń sunkún. Kí dókítà tó jókòó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fa àpótí kékeré yẹn, ó ti jókòó lé e lórí. Ó ní kó na ọwọ́ wá. Ó kà á dé 7, ó fo 8, ó bọ́ sí 9.