Fírémù tòkunbọ̀, ihò BB 68 mm: kráńkì wo ló máa bá a mu?

Kẹ̀kẹ́Ìbarà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọ̀gá. Fírémù tòkunbọ̀ kan wà nílẹ̀ ní Ìbarà níbí, onírin ni, kò sí kráńkì (apá tí pẹ́dà ń so mọ́), kò sí bottom bracket (BB, ìyẹn ọ̀pá àti bẹ́árìn tí kráńkì ń yí lórí rẹ̀) nínú rẹ̀. Mo fi kálípà wọ̀n ọ́n. Ihò BB láti etí kan sí èkejì jẹ́ 68 mm, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 34 mm, tẹ́rẹ́ẹ̀dì sì wà lápá méjèèjì. Ibi tí họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ń jókòó sí jẹ́ 135 mm, jíà ẹ̀yìn jẹ́ méje, 14 sí 28. Jíà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ níwájú, eléyín 42.

Kráńkì kan wà tí ihò rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, apá rẹ̀ gùn tó 170 mm. Ó wá pẹ̀lú BB tirẹ̀, irú èyí tí bẹ́árìn wà nínú páìpù tí a kì í tú. Ṣé BB yẹn á wọ fírémù yìí? Ṣé gígùn ọ̀pá rẹ̀ á bá a mu? Wọ́n tún ní kí n gbé fírémù lọ fún wẹ́dà kó jó páìpù ńlá sí i, kí n wá fi kráńkì alápá kan sí i, pé ìyẹn ló lágbára fún àwọn òkè Abẹ́òkúta. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Sípánà_Láfẹ́nwá

Ọ̀rọ̀ wẹ́dà ni kí n kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kráńkì alápá kan, èyí tó tẹ̀ kọ́lọ kọ́lọ tó gba inú fírémù kọjá láìní ìso láàárín, ihò tó ń fẹ́ jẹ́ 51.3 mm, kò sì ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì. Tiyín jẹ́ 34. Kó tó lè wọlé, wọ́n á gé èyí tó wà níbẹ̀ dànù, wọ́n á jó òmíràn mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, ojú ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pá mẹ́rin ti pàdé. Bí iná bá fa ọ̀kan nínú wọn ní mílímítà méjì péré, táyà ẹ̀yìn ò ní dúró láàárín mọ́, ṣéènì á máa bọ́, ẹ ó sì máa tún jíà ṣe lójoojúmọ́ nígbà tó jẹ́ pé fírémù ló wọ́. Pẹ́dà kráńkì alápá kan pàápàá yàtọ̀, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ ½ íǹṣì. Ti kráńkì yín jẹ́ 9/16. Iye eyín ló ń gbé èèyàn gun òkè, kì í ṣe ìwúwo irin.

Ó kan BB wàyí. 68 mm nìkan ò tíì parí ọ̀rọ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní BSA: 68 tàbí 73 mm, tẹ́rẹ́ẹ̀dì 1.37 íǹṣì, ojú 24 nínú íǹṣì kan. Ti Ítálì jẹ́ 70 mm, 36 mm ní fífẹ̀. Ti Faransé àtijọ́ náà jẹ́ 68 mm, ṣùgbọ́n 35 mm ni fífẹ̀ rẹ̀, mílímítà kan sì ni àlàfo ojú kan sí èkejì. Raleigh àtijọ́, irú èyí tó kún ilẹ̀ wa nígbà kan, máa ń jẹ́ 71 tàbí 76 mm, ojú 26 nínú íǹṣì kan. Ti Raleigh yìí ló ń tan èèyàn jù, torí kọ́ọ̀pù BSA, ìyẹn ife onítẹ́rẹ́ẹ̀dì tó ń di bẹ́árìn mú, á wọ inú rẹ̀ yípo méjì, á wá há. Ẹni tó bá fi sípánà tì í ti pa tẹ́rẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Bí ẹ ṣe máa mọ tiyín: ẹ wo ara páìpù BB tó wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá kọ BC 1.37 x 24 sí i, BSA ni. Ẹ fi ìka, láìlo sípánà, wé e mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣéènì, ìyẹn ọ̀tún, kí ẹ máa yí i lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Bó bá wọlé ní yípo mẹ́rin láìjanpata, BSA ni fírémù náà. Ti Faransé àti ti Ítálì, bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ ni wọ́n ń yí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìdí tí BSA fi yí ọ̀tún padà ni pé bí bẹ́árìn ṣe ń yí lábẹ́ ẹrù, ó máa ń fa kọ́ọ̀pù díẹ̀díẹ̀ lọ sí òdìkejì ibi tí ọ̀pá ń yí sí. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì òdì ló ń mú kí fífà yẹn fún un mọ́lẹ̀ dípò kó tú u.

Òkè_Ìlèwó

Kí n fi kún ti ọ̀gá. Fírémù tòkunbọ̀ sábà máa ń ní ìpatà àti ọ̀dà nínú tẹ́rẹ́ẹ̀dì, nítorí náà bí kò bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tíì sọ pé kò bá a mu. Ẹ da kẹrosíìnì sí i, ẹ jẹ́ kó sùn ibẹ̀ mọ́jú, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí kọ́ọ̀pù BSA àtijọ́ onírin, ẹ fi ayùn irin gé ojú mẹ́ta sára tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ fi gíríìsì pa á, kí ẹ máa yí i wọlé ní ìdajì yípo, kí ẹ dá a padà ní ìlàjì ìyẹn. Ìdọ̀tí á máa kó sínú ojú tí ẹ gé. Ó ń ṣe bíi tápù, irin tí wọ́n fi ń gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì, láìjẹ́ pé ẹ ra tápù. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kọ́ọ̀pù tirẹ̀ o, ẹ má fi ti òsì gbo ọ̀tún.

Ẹ fi rúlà wo etí ihò náà pẹ̀lú. Bí ọ̀dà bá nípọn níbẹ̀, kálípà lè pe 68 ní 69.

Kẹ̀kẹ́Ìbarà

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tó wà lára BB ni BC 1.37 x 24, 68, àti 122.5, ìyẹn gígùn ọ̀pá rẹ̀ ní mílímítà. Lẹ́yìn kẹrosíìnì ó wọlé pẹ̀lú ìka dé yípo márùn-ún, lódì lọ́tùn-ún. Mo fi kráńkì sí i láti wò ó. Láti ara ọ̀pá ìjókòó dé àárín eyín jíà iwájú jẹ́ 35.5 mm, ọ̀pá ìjókòó fúnra rẹ̀ jẹ́ 28.6 mm. Lẹ́yìn, láti inú ẹnu fọ́ọ̀kì dé jíà kẹrin jẹ́ 22 mm. Àlàfo jíà 42 sí ọ̀pá ìsàlẹ̀ tó lọ sẹ́yìn jẹ́ 6 mm, ti apá kráńkì jẹ́ 13. Ihò bọ́ọ̀tì jíà jẹ́ márùn-ún, láti àárín ọ̀kan sí àárín èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ bíi 64.7.

Ṣéènì_Tààrà

Irú ìwọ̀n tó yẹ kí gbogbo wa máa mú wá nìyí. Ó tó ṣírò.

Ìlà ṣéènì ni bí jíà ṣe jìnnà tó sí àárín kẹ̀kẹ́; ó yẹ kí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn súnmọ́ra. Ti ẹ̀yìn: ìdajì 135 jẹ́ 67.5. Yọ 22 kúrò, ó ku 45.5 mm láti àárín kẹ̀kẹ́.

Ti iwájú: 35.5 pẹ̀lú ìdajì 28.6, ìyẹn 14.3, ó jẹ́ 49.8 mm.

Jíà iwájú jáde ju ti ẹ̀yìn lọ ní 4.3 mm. Pẹ̀lú jíà kan ṣoṣo níwájú, ẹ máa gbọ́ ariwo nígbà tí ṣéènì bá wà lórí jíà ńlá ẹ̀yìn, ibi tí ẹ ti ń lò ó jù lórí òkè nìyẹn. Ọ̀pá tó bá kúrú ní 2 mm á fa jíà wọlé ní 1 mm, torí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń pín in. Tí ẹ bá ra 113 dípò 122.5, á wọlé ní 4.75, ìlà á jẹ́ 45.05. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àlàfo 6 mm yẹn. Bí 4.75 bá kúrò níbẹ̀, 1.25 ló kù fún jíà 42. Nígbà tí ẹ bá dìde dúró tẹ pẹ́dà, fírémù á fì díẹ̀, eyín á gé ọ̀dà. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ra ọ̀pá 118, kí ìlà jẹ́ 47.5, kí àlàfo jẹ́ 3.75. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣéènì kàn máa fì síta díẹ̀. Tàbí kí ẹ ra 113, kí ẹ sì bọ́ jíà sílẹ̀ sí 36. Èyí ni èmi fara mọ́. Rédíọ́ọ̀sì jíà 36 fi 12 mm kéré sí ti 42, eyín rẹ̀ á wà níbi tí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ò tíì fẹ̀ jáde. Apá kráńkì á ṣì ní 8 mm tó kù, kò sí wàhálà.

Ẹ wo òkè wa náà. 42 sí 28 jẹ́ 1.5, ìyẹn iye ìgbà tí táyà ẹ̀yìn ń yí fún yípo pẹ́dà kan. 36 sí 28 jẹ́ 1.29. Ẹni tó bá ti ti kẹ̀kẹ́ gòkè láti Ìtòkú mọ ohun tí ìyàtọ̀ yẹn túmọ̀ sí fún orúnkún.

64.7 láàárín ihò márùn-ún, ẹ fi 1.701 sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ 110 mm, ìyẹn fífẹ̀ àyíká tí ihò márùn-ún náà wà lórí rẹ̀. Jíà 36 wà fún 110. Ká ní 76.4 ni ẹ wọ̀n, 130 nìyẹn, kò sì lè gba ohun tó kéré sí 38. Ẹ ṣáà rí i pé bọ́ọ̀tì ló mú jíà náà. Kráńkì olówó pọ́ọ́kú míì máa ń fi rífẹ́ẹ̀tì kan jíà mọ́ apá, kò ṣeé pààrọ̀.

Sípánà_Láfẹ́nwá

Ìṣirò yẹn pé. Ohun kan ló kù tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ọ̀pá onígun mẹ́rin jẹ́ oríṣi méjì, JIS àti ISO, ìlànà ìwọ̀n méjì tó yàtọ̀ síra. Àwọn tó ń ṣe é ní Japan àti Éṣíà ń lo JIS, Shimano pẹ̀lú. Campagnolo àtijọ́ jẹ́ ISO. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ẹnu ISO kéré. Kráńkì JIS lórí ọ̀pá ISO á wọlé jù, á fi bíi 4.5 mm sún sínú, gbogbo ìṣirò òkè yìí á bàjẹ́. Kráńkì yín jókòó dáadáa lórí 122.5 yẹn, nítorí náà kí ẹ ra irú kan náà, kó jẹ́ pé gígùn nìkan ló yàtọ̀.

Kí ẹ tó ná owó, ẹ tú bọ́ọ̀tì kráńkì kí ẹ wo inú. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ sí èjìká tí bọ́ọ̀tì ń tẹ̀. Bó bá ti dọ́gba pẹ̀lú èjìká yẹn, ihò ti fẹ̀, bọ́ọ̀tì ń tẹ orí ọ̀pá dípò apá. Ẹ lè dè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, á ṣì máa mì. Kò sí àtúnṣe fún un. Páànù mílíìkì tí àwọn kan ń gé kì bọ inú rẹ̀ kì í pẹ́ jáde.

Òkè_Ìlèwó

Fún fífi sí i: gíríìsì lára gbogbo tẹ́rẹ́ẹ̀dì BB. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ dè dópin, kí etí rẹ̀ fara kan fírémù, kí ẹ tó fi ti òsì sí i. Agbára ìdè rẹ̀ jẹ́ 50 sí 70 Nm. Bí kò bá sí sípánà oníwọ̀n, fi ọwọ́ sípánà gígùn 30 sẹ̀ǹtímítà, kí o tẹ̀ ẹ́ bí ẹni gbé 20 kìlógíráàmù kọ́ ọ. Ojú onígun mẹ́rin ní tiẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ má pa gíríìsì sí i. Àwọn kan ń pa á, èmi ò sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀tì kráńkì, 35 sí 50 Nm, tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni kí ẹ fi gíríìsì pa. Ẹ fi púlà yọ kráńkì nígbà tó bá yá, ẹ má fi òòlù gbá a jáde: bẹ́árìn inú páìpù yẹn ló ń gba gbogbo òòlù náà.

Kẹ̀kẹ́Ìbarà

Mo ti gbọ́ dáadáa. 113 JIS, jíà 36, ihò márùn-ún 110. Fírémù ò ní rí wẹ́dà. Ìgbà wo ni kí n tún bọ́ọ̀tì kráńkì dè lẹ́yìn tí mo bá ti gùn ún?

Sípánà_Láfẹ́nwá

Lẹ́yìn ìgùn àkọ́kọ́, àti lẹ́yìn bíi 50 kìlómítà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má tún un dè mọ́ láìnídìí, torí ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dè é ló ń gun ọ̀pá lọ sókè sí i. Bí ẹ bá gbọ́ ìró kọ́ kọ́ nígbà tí ẹ̀ ń tẹ pẹ́dà, ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹ dè é. Álúmínì ni apá yẹn, irin ni ọ̀pá. Láti Sàpọ́n dé Pánṣẹ́kẹ́ lórí kráńkì tó tú ti tó láti sọ ihò onígun mẹ́rin di róbótó.