Táyà wo ló bá Mẹ́sí 123 mu? Sátidé ti dé tán o

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ táyà ti fẹ́ sọ mí di wèrè. Mẹ́sí bàbá mi ni, 230E ti ọdún 1982, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń pè ní 123, ojúlówó mẹ́sí ọlọ́yẹ́, ó funfun bíi wàrà, àga inú rẹ̀ kò ya rárá. Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni àbúrò mi obìnrin máa gbé e lọ síbi ìgbéyàwó rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fi rímù àlọ́yì sí i kó lè dùn ún wò. Táyà 205/65R15 ló wà lára àlọ́yì náà nígbà tí mo rà á. Ó ń ha! Fọkanáísà ní táyà náà ló tóbi jù, pé kí n ra 195/50R15. Mo rà á. Ọkọ̀ wá lọ sílẹ̀ bí ìjàpá, gbogbo bọ́ǹpù ló ń gbá nídìí. Ẹni tó ta táyà ní òun kì í gbà á padà. Tó bá ti tó 80, sítíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ẹni ibà ń ṣe, bẹ́ẹ̀ mo ti ṣe báláǹsì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín ni.

Ìbéèrè mi kò pọ̀: ṣé 195/65R15 ni kí n rà ni àbí 205/60R15? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ta ọkọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́táyà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nínú 195/65R15, 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. 65 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ yẹn. 15 ni rímù, ní ínṣì. Ẹ̀gbẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 253.5, rímù jẹ́ 381, gíga táyà látòkè délẹ̀ wá di 634.5. 195/70R14 tí wọ́n fi sí àwọn 123 kan láti ilé-iṣẹ́ jẹ́ 628.6. 175R14 àtijọ́, èyí tí wọn kì í kọ gíga ẹ̀gbẹ́ sí lára, tó bíi 636. Nítorí náà 195/65R15 bá a mu rẹ́gí, 205/60R15 náà (627) kò burú.

Èyí tí wọ́n tà fún yín, 576 ni. Ó fi sẹ̀ntímítà 5 kúrú, ìdajì rẹ̀ ni ilẹ̀ fi sún mọ́ ìdí ọkọ̀ yín. Mítà á máa pè é ní 100 nígbà tí ẹ bá ń sá 92. Èyí tó tún burú jù ni ẹrù. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n náà lára táyà: 82 ni ẹ máa bá níbẹ̀, ìyẹn kílò 475 fún táyà kan. 195/65R15 sábà máa ń jẹ́ 91, kílò 615. Ìyàwó, ọ̀rẹ́ ìyàwó méjì, pẹ̀lú ẹrù ní bóòtù ẹ̀yìn? Ẹ má dán an wò.

Dánfó Ò Dúró:
Ẹ fi 185R14C sí i, táyà dánfó. Kò sí ihò Èkó tó lè fọ́ ọ.

Ìyá Ẹlẹ́táyà:
@Dánfó Ò Dúró, rímù 15 lọmọ yìí ń sọ, 14 lẹ̀ ń bá a sọ. Lẹ́yìn náà, táyà tó ní C lẹ́yìn, ẹrù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ ní 30 PSI lórí ọkọ̀ kékeré, á máa fò lórí títì bíi bọ́ọ̀lù, pàápàá tí òjò bá rọ̀.

Dánfó Ò Dúró:
Ṣé táyà tó ń gbé èèyàn 14 ni kò ní gbé ìyàwó kan? Ẹ̀yin ọlọ́yẹ́ yìí náà.

Ọ̀gá Ṣáṣí:
Gbogbo yín ti ń yan táyà láìtíì mọ rímù. Ọmọ Oní-Mẹ́sí, dáhùn mẹ́rin yìí kó o tó na kọ́bọ̀ mìíràn:
Níbo ni 205/65 ti ń ha, ṣé lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú ni àbí ní ìta lára fẹ́ńdà? Ṣé táyà iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn? Kí ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rímù yẹn? Inú ọkọ̀ wo ni rímù ti wá?
Mo bi ọ́ nítorí pé 205/65R15 kò tóbi tó báyẹn. 647.5 ni. Tó o bá fi wé 175R14, mìlímítà 6 péré ló fi ga láti àárín rímù lọ sókè. Ìyẹn nìkan kò lè mú kó máa ha.

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
Ẹ ṣeun mà. Màmá, ẹni tó ta táyà sọ pé nọ́ńbà ẹrù yẹn, Òyìnbó nìkan ló ń lò ó.
Ọ̀gá, ẹ̀gbẹ́ inú ni, ní iwájú, tí mo bá ti yí sítíárìn dé ìparí. Ojú táyà ti dán níbi tó ti ń ha. Rímù náà dára, kò tẹ̀, kò sán. 15x6JJ ni wọ́n kọ sí i.

Ayọ̀ Ọlọ́yẹ́:
195/65R15 ni. Ó parí.

Ọ̀gá Ṣáṣí:
Kò parí, ọ̀gbẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ inú ló ti ń ha, ìyẹn ni pé ET rímù ti pọ̀ jù. ET ni iye mìlímítà tó wà láàárín ojú ibi tí rímù ti fara kan họ́ọ̀bù (irin ara ọkọ̀ tí wọ́n ń di rímù mọ́) àti àárín gbùngbùn fífẹ̀ rímù. Bí ET bá ṣe ń pọ̀ tó ni táyà á ṣe máa wọnú tó. Ti 123 jẹ́ 30, yálà rímù irin 5½J tàbí àlọ́yì 6J (nọ́ńbà tó ṣáájú J ni fífẹ̀ rímù ní ínṣì). Kódà tó bá jẹ́ ti Mẹ́sí 124 lo rà, 49 ni ET tìyẹn.

Tí wọn ò bá tẹ ET sẹ́yìn rímù, wọ̀n ọ́n fúnra rẹ. Dojú rímù dé ilẹ̀. Gbé igi gbọọrọ tí kò tẹ̀ dábùú etí ẹ̀yìn rẹ̀. Fi téèpù wọn láti ìsàlẹ̀ igi náà lọ sí ojú tó máa ń kan họ́ọ̀bù. Fífẹ̀ rímù 6J láti etí dé etí tó 178, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 89. Yọ 89 kúrò nínú ohun tó o bá wọ̀n, èyí tó kù ni ET.
Wọn ihò bóòtì náà. Fo ihò kan, kó o wọ̀n láti etí òsì ihò àkọ́kọ́ lọ sí etí òsì ihò kẹta. Ti Mẹ́sí gbọ́dọ̀ jẹ́ 106.5.
O ò sì tíì sọ ọkọ̀ tí rímù ti wá.

Ìyá Ẹlẹ́táyà:
Kí ẹ tún wo ọjọ́ orí táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn DOT: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2014. Tòkunbọ̀ tó bá ti gbó báyẹn, bó ti wù kí ojú rẹ̀ nípọn tó, rọ́bà inú rẹ̀ ti gan.

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
Táyà mi kì í ṣe tòkunbọ̀ o, tuntun ni. Mo ti wọ̀n rímù. Láti abẹ́ igi dé ojú họ́ọ̀bù jẹ́ sẹ̀ntímítà 13.9. Ihò sí ihò jẹ́ bíi 108 àtààbọ̀ tàbí 109, téèpù mi ti gbó. Ṣé ọ̀rọ̀ mìlímítà méjì péré náà la wá fẹ́ máa fà báyìí?

Ọ̀gá Ṣáṣí:
139 yọ 89, 50 ni. ET rẹ fi 20 ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Táyà 205 tún fi 5 fẹ̀ sínú ju 195 lọ. Mìlímítà 25 ni táyà iwájú rẹ fi wọnú, kò sí bí kò ṣe ní ha.
Ti ihò yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. 108.7 ni rímù 5x114.3 máa ń jẹ́, ìyẹn ihò márùn-ún lórí òbìrípo tó fẹ̀ ní mìlímítà 114.3. Mẹ́sí jẹ́ 5x112. Fún ìgbà kẹta, inú ọkọ̀ wo?

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ti Camry ni. Ẹni tó tà á ní ihò márùn-ún náà ni wọ́n jọ ní. Ihò àárín rẹ̀ ni kò gba họ́ọ̀bù, a wá gbé e lọ sọ́dọ̀ onílẹ́ẹ̀tì, ó sì fẹ̀ ẹ́. Ó wọlé dáadáa! Àwọn bóòtì gígùn tí wọ́n fún mi mọ́ ọn dì í pinpin. Fọkanáísà tún fi wọ́ṣà méjì méjì sáàárín rímù àti họ́ọ̀bù níbi bóòtì kọ̀ọ̀kan níwájú kó má baà ha mọ́, ìyẹn sì ràn án lọ́wọ́ díẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́táyà:
Mo dákẹ́ ọ̀rọ̀ táyà. Ẹ gbé ọkọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Ṣáṣí:
Má gbé ọkọ̀ yẹn jáde mọ́, kódà dé ẹnu ọ̀nà.
Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ihò àárín Camry jẹ́ 60.1, họ́ọ̀bù Mẹ́sí jẹ́ 66.6. Onílẹ́ẹ̀tì fẹ̀ ẹ́. Tí kò bá gbẹ́ ẹ ní àárín gan-an, rímù ti yẹ̀ láti ibẹ̀. Bóòtì kọ̀ọ̀kan wá fi mìlímítà kan àti díẹ̀ yà kúrò ní àárín ihò tirẹ̀. Ó ń wọlé nítorí pé ihò àlọ́yì Toyota gbòòrò, nọ́ọ̀tì tó ní ọrùn gígùn àti wọ́ṣà pẹlẹbẹ ni wọ́n ṣe é fún. Orí bóòtì Mẹ́sí rí roboto lábẹ́ bí ìdí ẹyin, inú ihò tó rí bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jókòó sí. Ní báyìí, etí ihò lásán ló ń tẹ̀ mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dì pinpin lónìí, á jẹ àlọ́yì yẹn díẹ̀díẹ̀, á tú lọ́la.
Ìyẹn ló ń mú kó gbọ̀n ní 80. Báláǹsì ò lè yanjú rẹ̀, torí ihò àárín ni ẹ̀rọ báláǹsì fi di rímù mú, ọkọ̀ rẹ wá fi bóòtì márùn-ún dì í mú níbòmíràn.
Tú bóòtì iwájú kan. Kà á bó ṣe ń jáde, yípo mélòó?

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
Márùn-ún.

Ọ̀gá Ṣáṣí:
Bóòtì M12x1.5 ni, yípo kan jẹ́ mìlímítà 1.5. Ó kéré tán, ohun tó wọnú họ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ tó 12, ìyẹn yípo 8. Wọ́ṣà ti jẹ ìyókù. Rímù rẹ ò tilẹ̀ fara kan ojú họ́ọ̀bù mọ́, orí wọ́ṣà ló dúró sí.

Dánfó Ò Dúró:
Ẹni tó fi wọ́ṣà síbẹ̀ yẹn, ṣé fọkanáísà ni àbí panápaná?

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
Ẹ má bú u, èmi ni mo ní kó wá nǹkan ṣe sí i.

Ayọ̀ Ọlọ́yẹ́:
Ẹ ra 195/65R15 kó yé wa.

Ìyá Ẹlẹ́táyà:
Bọ̀dá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka òkè.
Àbúrò, rímù irin tó bá ọkọ̀ yìí wá ńkọ́, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀? Òun ló yẹ ìyàwó jù.

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
Mo fi dín owó kù lọ́wọ́ fọkanáísà.

Ọ̀gá Ṣáṣí:
Hàáà! O fi gidi pààrọ̀ ayédèrú, o tún sanwó lé e! Gbéra lọ síbẹ̀ báyìí, fi ọ̀kadà lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó o wò: 5½J x 14 H2 ET30 ló máa wà níbẹ̀. Nu ìpẹtà tó wà níbi tí ìdí ẹyin bóòtì máa ń jókòó sí. Tí ihò kankan bá ti gùn bí ẹyin dípò kó rí róbótó, má gbà á.

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
Mo ti débẹ̀. Mẹ́ta ló kù, ohun tí ẹ sọ gẹ́lẹ́ ló wà lẹ́yìn wọn. Ìkẹrin ló da kọnkéré sí láàárín, ó fi ń gbé òpó agbòòrùn dúró.

Ọ̀gá Ṣáṣí:
Sìpíà ní bóòtù ẹ̀yìn ńkọ́?

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
Ẹ̀n! Irin ni. Nọ́ńbà kan náà.

Ìyá Ẹlẹ́táyà:
Ó ti pé mẹ́rin. 175R14 ṣòro láti rí báyìí, àyàfi oní-C. Ẹ wá 195/70R14 tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ jẹ́ 91, ó ń wọ 5½J láìsí wàhálà. Tí ẹ ò bá rí i ṣáájú Sátidé, 185/70R14 oní-88 náà máa ṣe é, 614.6 ni, á kàn fi mìlímítà 7 jókòó sílẹ̀ ju 195/70 lọ. Ẹ má ra 185/65R14 tí wọ́n á sọ pé bákan náà ni, 596 nìyẹn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wà lára bébà tó wà nínú ìlẹ̀kùn ibi tí ẹ ti ń da epo.

Ọ̀gá Ṣáṣí:
Bóòtì gígùn àlọ́yì yẹn, má fi dì rímù irin o. Irin fẹ́lẹ́, ṣóńṣó bóòtì á yọ sí ẹ̀yìn họ́ọ̀bù, á lọ kan bíréèkì pákìn tó wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn. Kúkúrú tó bá ọkọ̀ wá ni kó o lò. Fọwọ́ yí gbogbo rẹ̀ wọlé kó o tó fi sípánà kàn án, kó o máa dì í ní ìkọjá, kì í ṣe ní ìtẹ̀léra. Agbára tí wàá fi dì í, bíi 110 Nm. Lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 50, tún un dì.

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
185/70R14 ni mo rí, oní-88, ọ̀sẹ̀ àti ọdún rẹ̀ kò jìnnà. Mo ti gbàgbé bóòtì kúkúrú, mo fi gígùn dì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, mo sì fọwọ́ yí táyà náà. Ó ń ké ṣíìì, ó wá há pátápátá. Mo tú u. Nínú agolo bọ́tà lábẹ́ sìpíà ni bàbá mi tọ́jú àwọn kúkúrú sí, ogún gééré, ó ti fi gíríìsì kùn wọ́n.

Ọ̀gá Ṣáṣí:
Nu gíríìsì yẹn kúrò ní ìdí ẹyin rẹ̀, má jẹ́ kó kù síbẹ̀. Kó o kà á bó ṣe ń wọlé.

Ọmọ Oní-Mẹ́sí:
Mo kà á. Mẹ́sàn-án. Táyà ẹ̀yìn ń yí, kò ké mọ́.