Ẹ gbà mí o, ṣé wèrè ni wọ́n kọ sí ìwé ìyàwó mi?

Bàbá Ràfíà, Kétu: Ẹ kú ilé o. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ. Torí àìsàn ìyàwó mi la ṣe gba Ìlárá kọjá sí Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀. Wọ́n rẹ́ wa jẹ níbi tí a ti ṣẹ́ sẹfa sí náírà. Nọ́ọ̀sì kan tún ń fi èdè Kétu wa rẹ́rìn-ín. Mo wálé wá wá owó ìyókù, mo tú ìwé wọn wò: "hysterectomy". Mo lọ sílé ìwé o, mo mọ "hystérie" ní Faransé! Ìyàwó mi ò ya wèrè. Ṣé kí n lọ bá dọ́kítà náà jà?

Ìyá Ìbejì: Ẹ rọra, Bàbá Ràfíà. Wọ́n kọ irú ẹ̀ fún mi ní Kútọnu, mo sunkún ọjọ́ mẹ́ta, àṣé ibà lásán ni.

Ọmọ Sábẹ: Kí lẹ tiẹ̀ wá dé Nàìjíríà? Ṣé kò sí dọ́kítà nílé ni?

Ìyá Ìbejì: Ìyẹn kọ́ ló bi wá.

Agbẹ̀bí Àjàṣẹ́: Ọ̀rọ̀ wèrè kọ́ o. Èdè Gíríìkì ni. "Hystera" ni ilé ọmọ. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ gbà pé ilé ọmọ ló ń da orí obìnrin rú, ibẹ̀ ni "hystérie" ti wá. "Ek" ni síta, "tomē" ni gígé. Gígé ilé ọmọ kúrò nìyẹn. Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an?

Ọmọ Sábẹ: Lílà ni, kì í ṣe gígé. Bí wọ́n ṣe gbé ọmọ tèmi jáde nìyẹn.

Agbẹ̀bí Àjàṣẹ́: "Hysterotomy" nìyẹn, wọ́n là á, wọ́n sì rán an padà. "Ec" tó wà láàárín tibí ló yí i padà.

Bàbá Ràfíà: Ẹ ń gbè sẹ́yìn dọ́kítà. Fibrome, kókó inú ilé ọmọ, ni wọ́n bá lára rẹ̀, wọ́n ní àwọn máa yọ kókó náà, ó parí.

Agbẹ̀bí Àjàṣẹ́: Kókó nìkan, "myomectomy" ni wọn ì bá kọ. "Myo" ni iṣan, "oma" ni wíwú. Ilé ọmọ á ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mélòó lẹ bí? Ìwé kí ni ìwé yẹn?

Bàbá Ràfíà: Ràfíà nìkan. Ọdún méje la ti ń wá àbúrò rẹ̀. Ìwé tó fọwọ́ sí ni. Èmi ni mo ní kó fọwọ́ sí i kíá, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ mi lọ́nà. Àárọ̀ ọ̀la ni iṣẹ́ abẹ.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Ẹ ò sì sọ ọ́ látòní!

Agbẹ̀bí Àjàṣẹ́: Ẹ pe ìyàwó yín báyìí. Kí wọ́n bi dọ́kítà: kókó nìkan ni àbí ilé ọmọ lódindi, kí ló sì fà á? Ó lè nídìí o. Ṣùgbọ́n ìyàwó yín láṣẹ láti ní kí àwọn dọ́kítà dúró ná, bí wọ́n tilẹ̀ ti fọwọ́ síwèé.

Bàbá Ràfíà: Ó ń dún, kò gbé e. Mo ti wà lórí zém, ọ̀kadà wa, Ìlárá là ń lọ.