Ìbéèrè nípa igbó ẹkùn Ranthambore: ṣé ó yẹ kí a fún awakọ̀ lówó kí ó lè gbé wa súnmọ́ ẹkùn?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan yóò ṣe ìgbéyàwó ní Jaipur, ní ìpínlẹ̀ Rajasthan ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. A ti pinnu pé lẹ́yìn ayẹyẹ náà a ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Sawai Madhopur, kí a lè wọ igbó Ranthambore láti fi ojú ara wa rí ẹkùn, ẹranko ńlá tí ilà dúdú wà lára rẹ̀, tí kò sí nínú igbó kankan ní ilẹ̀ Áfíríkà. Bàbá ọkọ mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, yóò wá bá wa láti Ìbàdàn. Ẹni tó ń bá wa ṣètò ìrìn-àjò sọ pé bí a bá fi owó díẹ̀ sí awakọ̀ lọ́wọ́ ṣáájú, yóò gbé wa súnmọ́ ẹkùn ju àwọn yòókù lọ. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn? Irú ọkọ̀ wo ni ó sì yẹ àgbàlagbà?

Ìyá Àdùkẹ́:

Ẹ bá wa kí bàbá. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbàgbé ni káàdì àjẹsára ibà pọ́njú wọn, nítorí Íńdíà ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọlé. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán, tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ náà kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ní ti ọkọ̀, jíìpù ń gba èrò mẹ́fà, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní canter sì ń gba ogún. Méjèèjì kò ní òrùlé. Ẹ gba jíìpù, kí bàbá má sì jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni ó ti ń gbọnni jù. Ẹ tètè sanwó lórí ìkànnì ìjọba Rajasthan, kí ẹ sì mú ìwé ìrìnnà tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ gan-an dé ẹnubodè. Òtútù òwúrọ̀ oṣù kejì kì í ṣe kékeré níbẹ̀. Ẹ wá kóòtù tó nípọn fún wọn.

Ọmọ Ọdẹ:

Arábìnrin Àbẹ̀kẹ́, òtítọ́ ni ọkàn yín ń sọ fún yín. Ẹ má san owó náà.

Bí awakọ̀ kan bá sáré dé ẹ̀gbẹ́ ẹkùn, àwọn mìíràn á tẹ̀ lé e, wọn á sì dí ọ̀nà tí ẹranko náà fẹ́ gbà; abo ẹkùn tó ń ṣọ́ ẹran tí yóò fi bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lè pàdánù oúnjẹ ọjọ́ náà nítorí ariwo wa. Ní oṣù keje ọdún 2012, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Íńdíà tilẹ̀ dá ìrìn-àjò afẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní àárín gbùngbùn àwọn igbó ẹkùn. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà ní oṣù kẹwàá, ìlànà tuntun sọ pé ibi tí àlejò lè dé kò gbọdọ̀ ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún àárín gbùngbùn náà lọ.

Igbó tí àwọn ọba Jaipur ti ń ṣọdẹ ni Ranthambore tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ti yìnbọn pa ẹkùn kan ní 1961. Ní 1973, ọdún kan lẹ́yìn tí òfin ìdáàbòbò ẹranko igbó jáde, ìjọba fi í kún igbó mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹkùn. Síbẹ̀, ẹkùn tán pátápátá ní Sariska, tó wà ní Rajasthan kan náà, nítorí àwọn tó ń yọ́ pa wọ́n. Láti Ranthambore ni wọ́n ti kó òmíràn lọ síbẹ̀ ní 2008. Ẹkùn 1,411 ni wọ́n fojú díwọ̀n pé ó kù ní gbogbo Íńdíà ní 2006. Ní 2022, ó ti di 3,167, ó kéré tán. Ẹ̀ṣọ́ igbó tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn ló ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ń dùn mí nígbà tí àlejò bá fi owó bà á jẹ́.

Etí ni kí ẹ fi wá ẹkùn. Bí ó bá ń rìn bọ̀, chital, àgbọ̀nrín tí àmì funfun wà lára rẹ̀, á ké kíkan, ọ̀bọ langur á sì dá a lóhùn láti orí igi. Chital máa ń bẹ̀rù lásán nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bí sambar, àgbọ̀nrín ńlá, bá ké léraléra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹkùn tàbí àmọ̀tẹ́kùn wà nítòsí. Amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ á ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, á sì dúró. Ẹ wo ilẹ̀ pẹ̀lú: bí ojú ẹsẹ̀ ẹkùn bá wà lórí ipa táyà àárọ̀ ọjọ́ náà, kò tíì pẹ́ tó kọjá.

Ayàwòrán Èkó:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọdẹ, àmọ́ mo fẹ́ fi ìyàtọ̀ kan hàn. Owó tí ẹ bá fún amọ̀nà àti awakọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti jáde, yálà ẹ rí ẹkùn tàbí ẹ kò rí i, kò burú rárá. Èyí tí wọ́n fi ń ra ẹ̀ṣẹ̀ ṣáájú ni ó burú. Ẹ béèrè fún apá 3, níbi tí adágún Padam Talao àti Rajbagh wà. Ìtòsí àwọn adágún wọ̀nyí ni Machli, abo ẹkùn olókìkí tó kú ní 2016, ti jọba. Bí ẹkùn kò tilẹ̀ yọjú, ẹ ó rí ọ̀nì, ọ̀kín, àti sambar tó wọ inú omi lọ jẹ koríko. Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ni ẹkùn máa ń yọ sí etí omi jù, ṣùgbọ́n ooru ìgbà náà kò yẹ bàbá. Oṣù kejì tí ẹ mú dára.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ ṣeun gan-an ni. A ti sọ fún ẹni náà pé a kò san owó kankan fún awakọ̀ ṣáájú. Bàbá tún ń béèrè bóyá àwọn lè gòkè dé ilé olódi àtijọ́ tó wà nínú igbó náà.

Ìyá Àdùkẹ́:

Wọ́n lè gòkè bí orúnkún wọn bá dára, ẹ kò sì nílò tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ igbó láti dé ibẹ̀. Àtẹ̀gùn òkúta pọ̀, nítorí náà ẹ gbéra ní òwúrọ̀, kí ẹ máa sinmi lójú ọ̀nà. Ẹ yẹra fún ọjọ́rú, nítorí ọjọ́ náà ni àwọn olùjọ́sìn máa ń ya wá sí tẹ́ńpìlì Ganesh tó wà lókè, kí ẹ má sì mú oúnjẹ lọ́wọ́, torí àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ lè já a gbà.