Wáìnì tó ń hó wo ló lè dípò ṣampéènì?

Ọmọ Ìjẹmọ̀: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Ayẹyẹ àádọ́rin ọdún màmá wa ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Èkó sì ní bí kò bá ti jẹ́ ṣampéènì gidi, kí a má wulẹ̀ dá a láṣà. Òun ló yan aṣọ ẹbí, òun ló yan ẹni tí yóò se ọ̀fadà, síbẹ̀ kò tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Mo rí Prosecco ní Pansẹ́kẹ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n. Àbí ayédèrú ni?

Ìyá Ìbejì: Kì í ṣe ayédèrú. Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe é, inú àgbá irin ńlá ni ó sì ti ń hó, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi rọjú. Èyí tó sún mọ́ ṣampéènì jù ni Cava ti Sípéènì, nítorí inú ìgò tí a ó tà gan-an ni òun náà ti ń hó lẹ́ẹ̀kejì, tí yóò sì wà lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fún oṣù 9 ó kéré tán. Ti ṣampéènì kì í dín ní oṣù 12. Èèyàn mélòó lẹ pè?

Bàbá Ìbarà: Níbi ìgbéyàwó ọmọ mi, inú búùtù ọkọ̀ ni ìgò wà láti àárọ̀. Bí mo ṣe tú wáyà ẹnu rẹ̀ báyìí, kọ́ọ̀kì fò lọ lu fáànù, ọtí sì dà sórí gèlè ìyá ìyàwó. Ẹ rì í sínú yìnyín dáadáa.

Ọmọ Aké: Ọ̀rọ̀ Cava ti pọ̀ jù. Cap Classique ti Gúúsù Áfíríkà náà ń hó nínú ìgò.

Ọmọ Ìjẹmọ̀: Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo ti ra ìgò 12 tí wọ́n kọ Brut sí lára. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó kan bí ẹmu àná.

Ìyá Ìbejì: Brut kì í dùn, Demi-Sec ni ẹ̀ bá rà fún àgbàlagbà. Ẹ kò sì tíì dáhùn ìbéèrè mi.

Ọmọ Ìjẹmọ̀: Àádọ́jọ ni wá. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni a ó lò, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọtí wọ ibẹ̀, mo rò pé wọn kò ní ka èyí sí ọtí.

Bàbá Ìbarà: Ìwọ ọmọ yìí! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ le bíi wáìnì yòókù, o sì fẹ́ gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìyá Ìbejì: Omi èso àjàrà tó ń hó, tí kò ní ọtí nínú, ni kí ẹ rà. Kọ́ọ̀kì tirẹ̀ náà ń fò. Ìgò kan máa ń kún ife 6, nítorí náà ìgò 25 yóò kárí. Ṣé ẹ̀gbọ́n yín mọ ibi tí ayẹyẹ náà ti máa wáyé?

Ọmọ Ìjẹmọ̀: Èmi ni mo gba gbọ̀ngàn náà, nítorí ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa. N kò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.