Wọ́ṣíìpù, ìfiyìfún àti sìn: èsì mi sí ìjíròrò ọ̀sẹ̀ yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá èdè o.

Fún ẹni tí kò ka àwọn lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí: arákùnrin kan tó ń bá ìjọ kan ní Adó-Èkìtì túmọ̀ ìwé ètò ọjọ́ Àìkú ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìlà méjì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú ètò náà. Èkíní ni orin ìyìn, èyí tí ìlù máa ń gbóná sí, tí gèlè máa ń tú lórí àwọn màmá. Èkejì ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní wọ́ṣíìpù, worship ti Gẹ̀ẹ́sì: ẹni tó ń tẹ dùùrù á rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, onílù á gbé ọ̀pá ìlù sórí itan, adarí orin á dijú, á ní kí gbogbo ìjọ gbọ́wọ́ sókè. Ó kọ "Ìjọsìn" sí ìlà kejì yìí. Àgbà ìjọ kan gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní: "Kí wá la ti ń ṣe láti aago mẹ́jọ?"

Ìbéèrè àgbà yẹn ló yẹ ká dúró tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun tí a máa fi túmọ̀ wọ́ṣíìpù la sáré lọ ṣẹ̀dá. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ èdè mú "ìfiyìfún" wá. Arábìnrin tó kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́ ní ká má tijú, ká gba "bọ" padà lọ́wọ́ àwọn tó bà á lórúkọ jẹ́, ká máa pè é ní "ìbọlọ́run". Ẹnì kẹta ní "ìjúbà" ti tó.

Lójú tèmi, a kò nílò ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sìn tí a bá nílẹ̀ gbòòrò ju gbogbo wọn lọ. Àwa la fún un mọ́ ojú orin.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìfiyìfún, torí òun ni àlàyé rẹ̀ dán jù. Ẹ̀gbọ́n ní bí a bá tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dé gbòǹgbò, iyì la máa bá nínú rẹ̀: pé kí ènìyàn ka ohun kan sí, kí ó bù fún un ní iyì tó tọ́ sí i. Òótọ́ ni, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹnu tiwọn nìyẹn, kì í ṣe ìtàn ohun tí Bíbélì ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n fi kọ Ìwé Mímọ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ọ̀rọ̀ Hébérù tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni avodah. Iṣẹ́ ni, ìsìn sì ni. Ìdí kan náà ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń ro oko, ẹrú tó ń sin olówó rẹ̀, àti àlùfáà tó wà nídìí pẹpẹ. Nígbà tí Mósè ń sọ fún Fáráò pé kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn Ọlọ́run lọ, kí wọ́n lè sìn ín, ọ̀rọ̀ kan yìí ni gbogbo ìjà náà dá lé: ta ni wọn yóò máa sìn? Fáráò ń lò wọ́n bí ẹrú, Ọlọ́run ní òun ló ni ìsìn wọn. Ẹ fi ìfiyìfún rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ wá wò ó bóyá ìjà kankan tún kù. Fáráò ìbá ti ní kí wọ́n máa fiyì fún Ọlọ́run wọn níbi tí wọ́n ti ń mọ bíríkì, kò ní í dí òun lọ́wọ́.

Ohun tó wú mi lórí ni pé Yorùbá kò yá ìtumọ̀ méjèèjì yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ìwé tó dé la ti ń sin ọba, tí ìwọ̀fà ń sin olówó, tí a ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ, tí a ń sin àlejò dé ojú ọ̀nà, tí a ń sin adìẹ àti ewúrẹ́. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí èyí tí ẹnu nìkan lè ṣe níbẹ̀. Ẹni tó ń sin ewúrẹ́ máa wá ewé. Ẹni tó ń sin àlejò máa rìn. Ìwọ̀fà tó bá sì jókòó sílé, tó ń fi orin yin olówó rẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lóko, ẹ̀yin náà mọ ohun tí olówó máa sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kan sáárá sí àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ Bíbélì fún wa. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, òun ló ṣe ìsìn lédè Yorùbá ní Freetown ní oṣù kìíní ọdún 1844, tí àwọn tó gbọ́ ọ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lédè ìyá wọn nílẹ̀ àjèjì. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì sì pé ní 1884. Ẹni tí wọ́n ti fi okùn so mọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn rí kò ní í ṣèèṣì mú sìn. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni, ó sì mọ ibi tó ti ń dùn.

Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kò sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wo ohun tí Jésù sọ fún Sátánì nínú Mátíù 4:10: "Olúwa Ọlọ́run rẹ ni kí ìwọ kí ó foríbalẹ̀ fún, òun nìkan ṣoṣo ni kí ìwọ máa sìn." Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni. Méjì náà ni Gíríìkì ibẹ̀. Foríbalẹ̀ ni ohun tí ara ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù ọlá bá mú un, ohun tí àwọn amòye ìlà-oòrùn ṣe níwájú ọmọ ọwọ́ ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Sìn ni ohun tí ènìyàn ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tó bá dìde nílẹ̀. Ẹni tó foríbalẹ̀ tí kò sìn, àlejò ni. Èyí tó ń sìn tí kì í foríbalẹ̀, alágbàṣe ni.

Mo dé ọ̀dọ̀ arábìnrin wa ti Ìkẹ́rẹ́. Mo gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ìlú tí wọ́n ti ń bọ Olósùnta ló ti ń kọ̀wé, Ìrè tí wọ́n ti ń bọ Ògún náà, Èkìtì ni. Ó béèrè pé kí ló dé tí bọ fi di ọ̀rọ̀ èébú lẹ́nu onígbàgbọ́, nígbà tí ẹbọ kún inú Bíbélì fọ́fọ́. Níbí gan-an ni mo ti rí ọgbọ́n àwọn atúmọ̀ náà. Wọ́n gba ẹbọ wọlé, wọ́n fi bọ sílẹ̀ fún òrìṣà. Róòmù 12:1 ní ká fi ara wa fún Ọlọ́run ní "ẹbọ ààyè", ó sì ní èyí ni "iṣẹ́ ìsìn" wa tó tọ̀nà. Ẹbọ wà níbẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìsìn wà níbẹ̀. Bọ kò sí níbẹ̀. Bọ kì í yà kúrò lára oúnjẹ: ẹni tó ń bọ Ògún ń fún un lájá, ẹni tó ń bọ orí ń wá ohun tí orí máa gbà. Ọlọ́run inú Sáàmù 50 ní bí ebi bá tilẹ̀ ń pa òun, òun kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, torí òun ló ni ayé àti ẹ̀kún rẹ̀. N kò fi èyí bú bọ, iṣẹ́ tirẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìbọlọ́run ní láti kọ́kọ́ sọ fún wa ohun tí a máa gbé síwájú Ọlọ́run kí ó jẹ. (Àmọ́ ṣá o, bí a bá wo bí àwọn kan ṣe ń pe ọrẹ nínú ilé Ọlọ́run nísinsìnyí, tí wọ́n ń sọ iye tí èèyàn máa gbé wá àti èrè tó máa bá a padà lọ sílé, ó lè jẹ́ pé bọ ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí.)

Ìjúbà kò gba àlàyé púpọ̀. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan la ń júbà. Oníjàálá á júbà kí ó tó sun ìjálá, kì í ṣe torí ìbà ni wọ́n ṣe pè é wá sóde. Ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn, kí ó dúró síbẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni bí a ṣe ń sọ ìsìn di kékeré. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ nísinsìnyí, bí wọ́n bá ní "ẹgbẹ́ ìjọsìn", àwọn tó di máìkì mú ni wọ́n ń sọ. Wọ́n á ti gbàdúrà, wọ́n á ti ka Bíbélì, wọ́n á ti kéde àìsàn ẹni tó ń ṣàìsàn, adarí orin á wá bọ́ síwájú, á ní "ẹ jẹ́ ká wọnú ìjọsìn báyìí". Bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá kan wà tó máa ń wá sí ìjọ tiwa ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á fi àkísà tútù nu àga láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n á ká aṣọ pẹpẹ lọ fọ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Kò tilẹ̀ nàró. Ó ní, "Ùsìn Olúwa ni." Ẹ̀yin tí kì í ṣe ará Èkìtì, ìsìn ló ń jẹ́ ùsìn lẹ́nu wa, bí ilé ṣe ń jẹ́ ulé tí iṣu sì ń jẹ́ usu. Ìyá yẹn kò kọrin kankan ní gbogbo àkókò tí mo fi dúró níbẹ̀, orúkọ ẹni tí kò tíì san owó ọṣẹ ló ń pè.

Jákọ́bù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ìsìn mímọ́ àti aláìléèérí níwájú Ọlọ́run ni kí a máa bojú tó àwọn aláìníbaba àti àwọn opó nínú ìpọ́njú wọn. Ẹ fi wọ́ṣíìpù ti òde òní ka ẹsẹ yìí, kò ní í yé ọmọdé. Ẹ fi sìn kà á, kò ní í béèrè ìtumọ̀.

Àwọn àgbà Aládùúrà pàápàá kò mọ ìpín tí à ń pín yìí. Ìsọjí ọdún 1930 tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, tí iná rẹ̀ ràn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ́dọ̀ wa níbí, àdúrà àti ààwẹ̀ àti omi àti orin ló para pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ bi bàbá àgbà kan nínú ìjọ Àpọ́sítélì pé èwo gan-an ni ìjọsìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ó rí ojú tó máa fi wò yín.

Ẹnì kan tún béèrè nípa ẹni tó dá wà ní yàrá rẹ̀, tí kò sí ìjọ, tí kò sí dùùrù. Ó ní a gbọ́dọ̀ wá orúkọ fún tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀: ìfọkànsìn. Olùfọkànsìn ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 10 pe Kọ̀nẹ́líù, balógun ọ̀rún tó ń gbàdúrà nínú ilé rẹ̀, tó sì ń ṣe ọrẹ fún àwọn ènìyàn. Sìn náà ló tún wà nídìí rẹ̀.

Nítorí náà, arákùnrin wa tó ní ìwé ètò lọ́wọ́, bí ó bá jẹ́ èmi ni, "Ètò Ìsìn" ni màá kọ sí orí ìwé náà. Ìlà àkọ́kọ́ á jẹ́ "Orin ìyìn", èkejì á jẹ́ "Orin ìforíbalẹ̀". Wọ́n lè sọ pé ẹnikẹ́ni kì í foríbalẹ̀ nígbà náà, pé ńṣe ni wọ́n ń nàró. Ó dáa, kí orúkọ náà máa rán wọn létí. Ní Èkìtì níbí, ọkùnrin kì í dúró ṣánṣán níwájú Èwí, ọba Adó, kó ní ọkàn òun ti dọ̀bálẹ̀. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń pè é ní wọ́ṣíìpù lẹ́nu, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ọ̀rọ̀ àyálò kì í pa èdè. Kí a ṣá má fi orúkọ gbogbo ìsìn pe ibi tí dùùrù ti rọlẹ̀.

Ó ku ohun kan tí ẹ̀gbọ́n wa sọ tí n kò lè fò. Ó ní "jọ" tó wà nínú ìjọsìn fi hàn pé ẹni púpọ̀ ló ń ṣe é, pé ẹnì kan kò lè dá ṣe ìjọsìn. N kò gbà. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá jáde lẹ́nu èèyàn, jọ́sìn ni ọ̀pọ̀ ń pè é, ohùn òkè ló sì wà lórí rẹ̀, nígbà tí jọ ti "jọ ń lọ" jẹ́ ohùn àárín. Àwọn ará wa Mùsùlùmí ń lò ó fún ẹnì kan ṣoṣo nínú Kùránì tí wọ́n túmọ̀: èèyàn ń jọ́sìn fún Allāhu lóun nìkan lóru, kò sí ẹni tó rí i bí àṣìṣe. Ìjọba náà dà bíi pé jọ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ jẹ ọba ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ìjọ àtijọ́ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n tẹ̀ kí ọdún 1900 tó pé, kó jọ̀ọ́ ya ojú ewé tí jọ́sìn tàbí ìjọsìn bá ti hàn, kó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Kí ẹ̀rí tó dé, màá ṣì máa fi àmì òkè sórí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn nínú ohun tí mo bá ń kọ.